Láti Mile 12 dé CMS: Ìtàn Ìdásílẹ̀ LAMATA àti Bọ́ọ̀sì BRT

LAMATA ni ilé-iṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ètò ọkọ̀ èrò káàkiri ìlú. Oṣù Kìíní ọdún 2002 ni òfin tó gbé e kalẹ̀ jáde, nígbà tí Bọ́lá Ahmed Tinúbú jẹ́ gómìnà. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ létí ará Èkó, bọ́ọ̀sì BRT, tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn onítọ̀hún, nítorí òun ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tí tolówó-tálákà fojú rí, tí wọ́n sì wọ̀. Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́, ni bọ́ọ̀sì náà ti kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008. Ó ń gba Kétu àti Ọ̀jọ́ta kọjá, ó sì ń lọ jálẹ̀ dé CMS ní Erékùṣù Èkó. Kìlómítà 22 ni ọ̀nà náà. Kò tíì sí irú rẹ̀ nígbà náà ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aginjù Sàhárà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ti Johannesburg bẹ̀rẹ̀, ti Dar es Salaam kò sì dé títí di ọdún 2016.

Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń dá a láṣà láti kó èrò ní Èkó kí LAMATA tó dé. Ní 1902 ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìddó sí Erékùṣù. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Zarpas ló mú iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ní ọ̀kúnkúndùn, títí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó fi rà á ní 1958, tí wọ́n sọ ọ́ di Lagos Municipal Transport Service. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tirẹ̀, Lagos State Transport Corporation. Ìṣòro kan náà ló ń bá gbogbo wọn fínra. Ọkọ̀ tuntun á dé, inú èrò á dùn, iṣẹ́ á sì máa lọ déédéé fún ìgbà díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò kì í tó tún un ṣe. Èyí tó bá bàjẹ́ á dúró sí ọgbà, wọn á máa tú u láti fi tún èyí tó ṣì ń rìn ṣe, títí èyí tó ń rìn náà fi máa dúró. Gómìnà Látéèfù Jákàńdè gbìyànjú ọ̀nà mìíràn nígbà ìṣèjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n pè ní Metroline kó àwọn ará ìlú. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Àdánù ńlá ni, nítorí ó tó ọdún méjìdínlógójì lẹ́yìn náà kí Èkó tó rí ọkọ̀ ojú irin ìgboro wọ̀.

Bí bọ́ọ̀sì ìjọba ṣe ń kúrò lójú títì ni dánfó àti mólúè ń rọ́pò wọn. Kò sí ìjọba tó ra èyíkéyìí nínú wọn. Ọlọ́kọ̀ kan níhìn-ín, ọlọ́kọ̀ méjì lọ́hùn-ún, tí awakọ̀ ń jíṣẹ́ owó ojoojúmọ́ fún, ni gbogbo ètò náà rọ̀ mọ́. Àwọn ló gbé Èkó ró nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó lè gbé e, òtítọ́ sì ni kí á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tó wà níbẹ̀ kò kéré, ó sì wúwo lórí àwọn ará Kòṣọ̀fẹ́ ju ọ̀pọ̀ àdúgbò lọ.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 665,000 sí ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ní Kétu, Ìkòsì, Alápẹ́rẹ̀, Agbóyì àti Ògùdù, ibi iṣẹ́ wọn sì wà ní Yaba, Súrùlérè tàbí ní Erékùṣù. Títì Ìkòròdú ni ọ̀nà wọn. Títì kan náà ni àwọn ará Ìkòròdú ń gbà wọ ìlú, ọjà Mile 12 tó ń gba tòmátì, ata àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya wà létí rẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn sì tún wá pàdé rẹ̀ nítòsí Ọ̀jọ́ta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èrò ti máa ń kún Kétu. Kọ̀ndọ́kítọ̀ á so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dánfó, á máa pariwo pé, “Ojúẹlẹ́gba, Stadium, Costain! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Iye tó pè ní aago márùn-ún ìdájí kọ́ ni yóò pè ní aago méje, bí òjò bá sì ṣú, á tún fi lé e. Àgbèrò á gba tirẹ̀ ní Kétu, òmíràn á tún gbà á ní Ọ̀jọ́ta, orí èrò ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Ẹni tó fẹ́ sọ̀ á kàn ké pé, “Ó wà o!”, awakọ̀ á sì tẹ bíréèkì níbi tó bá gbé wà, ọkọ̀ ẹ̀yìn á fọn fèrè, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á bẹ̀rẹ̀.

Òfin ọdún 2002 gba ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti àtijọ́. LAMATA kì í ra bọ́ọ̀sì kó máa wà á. Iṣẹ́ tí òfin yàn fún un ni kó pinnu ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì yóò máa gbà, kó tọ́jú títì náà, kó yan ẹni tí yóò máa kó èrò níbẹ̀, kó sì dá a dúró bí kò bá ṣe é bó ti yẹ. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2007, wọ́n sì fi kún agbára rẹ̀. Báńkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ náà ní mílíọ̀nù 100 dọ́là ní 2002 fún ètò ìrìnnà ìgboro, LAMATA ló sì ń ná an. Dáyọ̀ Mobéréọlá ló di ọ̀gá àgbà rẹ̀ ní 2003, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjìlá kó tó di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìrìnnà. Pípẹ́ tó pẹ́ níbẹ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀. Gómìnà méjì ló bá ṣiṣẹ́, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan kò sì kú lábẹ́ èkejì, ohun tí kò wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ wa.

Títì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn. Wọ́n fa títì tó tó kìlómítà 632 lé LAMATA lọ́wọ́ láti máa tọ́jú. Kò sí ariwo nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ńlá kò lè pẹ́ lórí títì tó kún fún kòtò.

Apá tó ṣòro jù lọ kò ní sìmẹ́ńtì nínú rárá. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀, NURTW, ló ni gáréèjì, àwọn ló ni bọ́sítọ́ọ̀pù, kò sì sí ẹni tó lè fi bọ́ọ̀sì tuntun sí títì Ìkòròdú kí wọ́n má dá sí i. Bí ìjọba bá fẹ́ fi agbára lé wọn kúrò, ìjà ìgboro ni yóò dá sílẹ̀, àwọn dánfó á sì dáṣẹ́ sílẹ̀ títí gbogbo ìlú á fi dúró. LAMATA yàn láti pè wọ́n jókòó. Wọ́n kó àwọn olórí ẹgbẹ́ lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí i. Ní Curitiba ní ilẹ̀ Brazil, bọ́ọ̀sì ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti 1974. Ní Bogotá ní Colombia, TransMilenio bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2000, àwọn tó sì ń wa ọkọ̀ àtijọ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe tuntun sílẹ̀. Ohun tí àwọn olórí NURTW rí nìyẹn. Wọ́n padà dé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní 1st BRT Cooperative. Ecobank yá wọn lówó, wọ́n fi ra 100 bọ́ọ̀sì Ashok Leyland láti ilẹ̀ Íńdíà, ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò dojú ètò náà bolẹ̀ sì di alájọni nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí LAMATA ṣe, èyí ló jinlẹ̀ jù. Ibi tí wọ́n bá ti kó bọ́ọ̀sì dé láìbá àwọn tó wà lójú ọ̀nà sọ̀rọ̀, àárín àwọn méjèèjì kì í gún.

Kíkọ́ ọ̀nà náà kò pẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbèrò rẹ̀ títí dé ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì gbéra, oṣù 15 ni. Wọn kò ná owó rẹpẹtẹ bíi ti Bogotá. Ibi tí títì bá ti gbà, wọ́n fi òkúta kọnkéré tó ga dé orúnkún pààlà sí ẹ̀gbẹ́ títì kí dánfó má lè gorí rẹ̀. Bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà náà ló ní pààlà bẹ́ẹ̀, ìdá 20 ní ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà fà lásán, bọ́ọ̀sì sì ń bá àwọn ọkọ̀ yòókù rìn ní ìyókù, pàápàá lórí afárá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 dọ́là ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan ná wọn, owó táṣẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn ìlú mìíràn ná. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń pè é ní BRT-Lite. Àwọn kan gbà pé kò yẹ kó jẹ́ orúkọ BRT rárá. Ṣùgbọ́n bí LAMATA bá dúró de owó tó máa kọ́ irú ti Bogotá, ó ṣeé ṣe kí èrò Kétu ṣì máa dúró dè é.

Lábẹ́ gómìnà Babátúndé Rájí Fáṣọlá ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù ni ti ẹgbẹ́ awakọ̀, bọ́ọ̀sì pupa ni ti LAGBUS, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2007, àpapọ̀ wọn sì tó 220. Kò sí kọ̀ndọ́kítọ̀. Èrò á ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ kó tó wọlé, wọn á tò sórí ìlà, ẹni tó kọ́kọ́ dé á kọ́kọ́ wọlé. Awakọ̀ ń gba owó oṣù. Fún ẹni tó ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ jà wọ mólúè látìgbà èwe, títò sórí ìlà ní Mile 12 jẹ́ ohun ìyanu, ó sì fi hàn pé ìwà jàgídíjàgan tí wọ́n fi ń bú èrò Èkó kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àìtó ọkọ̀ ló ń fà á.

Ìwádìí tó jáde ní 2009 sọ ohun tó yí padà. Àkókò tí èrò ń lò lójú ọ̀nà fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, owó ọkọ̀ fi ìdá 30 dín kù, àkókò tí wọ́n fi ń dúró de ọkọ̀ sì fi ìdá 35 dín kù. Nǹkan bí 200,000 èèyàn ló ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Wọ́n mọ iye tí wọn yóò san kí wọ́n tó kúrò nílé, òjò ìbáà rọ̀, kó má rọ̀. Fún aláràjẹ tó ń fi owó oṣù kékeré tọ́mọ, ìyẹn nìkan tó láti mú un ṣe ètò ìnáwó ilé rẹ̀.

Iye èrò tó ya bo ètò náà ló wá di ìdààmú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kò pọ̀ tó, ìlà Mile 12 sì ń gùn sí i. Àwọn ọkọ̀ ńlá àti ti ọlọ́pàá ń já wọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì níbi tí pààlà ti fọ́. Òfin ìrìnnà tí Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012 fi ìjìyà lé ẹni tó bá wọ ọ̀nà BRT láìjẹ́ pé ó tọ́ sí i. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n rà ní 2008 náà ti ń gbó, nígbà tó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ wọn, ẹgbẹ́ awakọ̀ kò ní owó tó tó.

Nígbà yẹn, LAMATA ti ń fa ọ̀nà náà gùn lọ sí Ìkòròdú. Ní 2012 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12, gba Òwódé Onírin, Májídùn àti Agric kọjá. Kìlómítà 13 àti ààbọ̀ ni. Báńkì Àgbáyé tún yá ìpínlẹ̀ lówó sí i, àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé náà sì bá a dá sí ètò ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí. Àárín títì ni wọ́n gbé ọ̀nà bọ́ọ̀sì sí lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí èrò ń gùn lọ sí ibùdókọ̀. Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé ló ṣí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, Primero, ló gba iṣẹ́ náà láti Ìkòròdú dé Erékùṣù pẹ̀lú ètò bọ́ọ̀sì 434, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ sì fi ojú ọ̀nà sílẹ̀.

Àǹfààní ńlá ni èyí fún Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ó dá ìṣòro tuntun sílẹ̀ fún Kòṣọ̀fẹ́. Nígbà tí Mile 12 jẹ́ orísun ọkọ̀, bọ́ọ̀sì tó ṣófo ló ń dúró de èrò níbẹ̀. Lẹ́yìn 2015, bọ́ọ̀sì tó ti kún láti Ìkòròdú ló ń kọjá ní òwúrọ̀, ẹni tó ń dúró ní Kétu sì lè rí mélòó kan kọjá lórí rẹ̀ kó tó rí èyí tó lè wọ̀. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le: kí àwọn bọ́ọ̀sì kan máa bẹ̀rẹ̀ ní Mile 12 láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó gba pé kí bọ́ọ̀sì pọ̀ tó láti pín.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra bọ́ọ̀sì àti ẹ̀yà ara rẹ̀, náírà ni èrò sì ń san. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ jọ̀wọ́ iye owó náírà, gbèsè tí ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì jẹ sì pọ̀ sí i láàárín òru láìjẹ́ pé wọ́n ra táyà kan. Epo dísù ń gbówó lórí. Ìjọba kò jẹ́ kí owó ọkọ̀ tẹ̀lé e, nítorí èrò ni yóò fara gbá a. Bọ́ọ̀sì tó bàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ọgbà bíi ti àtijọ́, iye tó ń rìn sì kéré jìnnà sí 434 tí wọ́n là kalẹ̀. LAMATA lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kùnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á yóò bá dọ́là kan náà àti dísù kan náà pàdé. Apá yìí ni òfin ọdún 2002 kò rí ojútùú sí, ìjọba kankan kò sì tíì rí i títí di òní.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2020 tún fi kún un. Nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé EndSARS, ìwọ́de tí wọ́n fi tako ìwà ipá ọlọ́pàá, wọ́n dáná sun nǹkan bí 80 bọ́ọ̀sì ìjọba, 57 nínú wọn sì jẹ́ bọ́ọ̀sì tuntun láti Brazil. Ibùdókọ̀ Ọ̀yìngbò wà lára ibi tí iná náà ti ṣọṣẹ́ jù. Ọdún yẹn kan náà ni káàdì Cowry dé, èyí tí èrò ń fi owó sí, tó sì ń fi kan ẹ̀rọ bó bá ń wọlé. Ní 2021 ni wọ́n fòpin sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé. Ẹni tí kò ní káàdì kò lè wọ bọ́ọ̀sì mọ́, ìyẹn sì kọ́kọ́ fa ìlà gígùn níbi tí wọ́n ti ń ta á, ṣùgbọ́n ó dí ihò kan tó ti wà láti ayé Zarpas: owó tí èrò san kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àdúgbò inú náà wá sójú táyé. BRT kò wọ Ìkòsì, kò wọ Agbóyì, ọ̀kadà ló ń gbé èrò láti ẹnu ọ̀nà ilé dé títì Ìkòròdú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gbé 500 bọ́ọ̀sì kéékèèké jáde fún irú ọ̀nà inú bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìfòfindè ọ̀kadà dé Kòṣọ̀fẹ́ pẹ̀lú Mushin, Ṣómólú àti Ọ̀ṣòdì-Ìsọlọ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré kò kárí àdúgbò tí ọ̀kadà ti kúrò. Ọ̀pọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn mìíràn ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, owó kẹ̀kẹ́ ọ̀hún sì lè jẹ èrè tí wọ́n rí lára BRT tán kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀. Bí LAMATA bá ń ka iye ìṣẹ́jú tí èèyàn lò láti Mile 12 dé CMS, ó yẹ kó máa ka ti ilé sí Mile 12 mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó dánfó fò sókè káàkiri. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba Èkó gé owó bọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí ìdajì fún ìgbà díẹ̀. Ó dára fún èrò, ṣùgbọ́n ìdajì tí èrò kò san, ẹnì kan gbọ́dọ̀ san án, àpò ìjọba ló sì wúwo lé. Lábẹ́ Abímbọ́lá Akínàjò, tó di ọ̀gá àgbà LAMATA ní 2019, ọkọ̀ ojú irin ti wá di apá kan iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Red Line sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Àgbádó dé Ọ̀yìngbò. Kò sí èyí tó gba Kòṣọ̀fẹ́ kọjá nínú méjèèjì. Ará Kétu tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin yóò kọ́kọ́ wá bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkẹjà, káàdì Cowry kan náà ni yóò sì fi wọ méjèèjì.